Ìsanrajù ní Kòsọ́fẹ́ àti Ojúṣe Àwọn Ìgbìmọ̀ Ìbílẹ̀

Bí ènìyàn bá dé ọjà Mile 12 ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, yóò rí ohun tí ó tó wò. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ó ti Òkè Ọya wá yóò máa já agbọ̀n tòmátì, àpò tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà sílẹ̀. Àwọn alábàárù yóò máa sáré kọjá lábẹ́ ẹrù. Bí ó bá yà sí ọjà èso Ìkòsì ní Kétu, yóò bá ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti bàrà olómi ní òkìtì òkìtì. Ó ṣòro láti rí ibòmíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ẹ̀fọ́ àti èso gbé pọ̀ tó báyìí. Síbẹ̀, láàrin àwa tí a ń gbé ẹ̀bá àwọn ọjà wọ̀nyí, ara púpọ̀ nínú wa ń wúwo sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kì í sì í ṣe àjèjì mọ́ nínú agbo ilé wa. A kì í gbé etí odò kí á máa fi itọ́ ṣanwọ́. Kí ni ó wá ṣe àwa?

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, àgbàlagbà bílíọ̀nù 2.5 ní gbogbo ayé ni ìwúwo ara wọn kọjá bí ó ti yẹ, àti pé mílíọ̀nù 890 nínú wọn ni ó sanra dé ìwọ̀n tí a ń pè ní àìsàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ipò tirẹ̀, kí ó fi gíga rẹ̀ ní mítà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ó sì fi èsì náà pín ìwúwo rẹ̀ ní kílò. Bí ó bá bọ́ sí 25, ó ti wúwo jù. Bí ó bá tó 30, ọ̀ràn ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.6, tí ó sì wọn kílò 77, ti kan 30 náà. Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ kíláàsì yín, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, àtijọ́ ni a ti ka ẹni tí ó sanra sí ẹni tí ayé yẹ. Èrò yìí kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Bí olùkọ́ kan bá fi oṣù mẹ́ta dín oúnjẹ kù, tí ó ń rìn ní òwúrọ̀, tí ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí fúyẹ́, ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé ní ibùdókọ̀ Kétu yóò figbe ta pé, 'Ha! Ẹ mà ti rù o. Ṣé kò sí nǹkan?' Àwọn ẹbí ọkọ yóò máa wo ìyàwó bí ẹni pé kì í fún ọkọ rẹ̀ ní oúnjẹ. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn yóò ti mọ orúkọ àìsàn tí ó ń ṣe é. Kí ó tó pẹ́ títí, òun fúnra rẹ̀ yóò ti padà sí ìdí àwo ẹ̀bà, kí ìdílé rẹ̀ má bàa gba àbùkù. Àwa rò pé iye ènìyàn tí ìkíni bẹ́ẹ̀ ti dá padà sójú ọ̀nà kò kéré rárá.

Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀lẹ ni ó ń mú ènìyàn sanra. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ó ń gbé ní Kétu tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Ó ti jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó jókòó sí ibi iṣẹ́, ó tún jókòó sínú ọkọ̀ padà sílé. Ọkọ̀ BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 lọ sí CMS, ọ̀nà tí ó tó kìlómítà 22, tí a sì fà dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, mú ìrìn náà yá díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó ni ìjókòó ń jẹ́. Ní inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, gálá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń nà sí i lójú fèrèsé. Ó dé ilé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ebi ti pa á, ó jẹ òkèlè ńláńlá, ó sì sùn. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, àmọ́ ara rẹ̀ kò mì, oúnjẹ rẹ̀ kò sì ní àkókò.

Ìwádìí kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé wa mọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ni ó dá lé. Ní ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Loyola ní Chicago tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n wo obìnrin 149 ní abúlé méjì ní Nàìjíríà, wọ́n sì wo obìnrin 172 tí ó jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Chicago. Àwọn ará abúlé wa wọn bí kílò 58. Àwọn ti Chicago wọn bí kílò 83. Àwọn onímọ̀ náà ti rò pé iṣẹ́ oko, ẹrù rírù àti omi pípọn ni yóò jẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹnu yà wọ́n. Agbára tí ara àwọn ti abúlé ń fi ìgbòkègbodò jó lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí kálórì 800, ti àwọn ará Chicago sì jẹ́ 760: ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Oúnjẹ ni wọ́n tọ́ka sí. Oúnjẹ abúlé kún fún ohun oko tí a kò yí padà, ọ̀rá àti ẹran inú rẹ̀ kò pọ̀. Ní Chicago, ọ̀rá nìkan ń pèsè tó ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ wọn, ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe sínú páálí sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sáré yí pápá ká ní àárọ̀ Sátidé, tí ó sì lọ sí òde ìyàwó ní ọ̀sán Sátidé kan náà, ara rẹ̀ kò ní fúyẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹnu ni jíjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí ju bàtà ìrìn rẹ̀ nù. Ní Amẹ́ríkà kan náà, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 lórí ènìyàn 3,234 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí wọn fi hàn pé àwọn tí wọ́n kọ́ láti dín oúnjẹ kù, kí wọ́n dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ni àìsàn náà fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin wọn. Oògùn tí a fún àwọn mìíràn dín in kù ní ìdá 31 péré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an ni ẹ̀yìn jíjò. Gbogbo wa ni a ti rí i. Mùsùlùmí gba ààwẹ̀ oṣù kan, Kristẹni gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ara fúyẹ́, aṣọ ń ṣo. Kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, ohun tí ó lọ ti padà wá, ó sì máa ń mú èlé bọ̀ nígbà mìíràn. A máa ń dá ara wa lẹ́bi pé a kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Àwọn onímọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Melbourne ní Ọsirélíà, ènìyàn 50 ni wọ́n fi oúnjẹ díẹ̀ bọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà tí ọdún kan kọjá, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa ni ṣì ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọdún 2011 ni ìròyìn náà jáde. Ní ọdún 2016 ẹ̀wẹ̀, wọ́n tún wo ènìyàn 14 tí wọ́n ti kópa nínú ìdíje jíjò kan lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Wọ́n ti jò tó kílò 58 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan ní ìṣirò àárín. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, kílò 41 ti padà. Èyí tí ó burú jù ni pé ara wọn ń jó nǹkan bí kálórì 500 dín sí èyí tí ó yẹ kí ó máa jó lójúmọ́. Ara kò mọ̀ pé àwa ni a fẹ́ jò. Ó rò pé ìyàn mú, ó sì ń ṣọ́ ohun tí ó kù bí ẹni tí ń ṣọ́ àká.

Abẹ́rẹ́ ìgbàlódé tí àwọn olówó ń gún pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ èyí: nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2022, àwọn tí wọ́n dá a dúró gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n jò padà láàrin ọdún kan. Nípa tíì ajẹ́ni-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kiri, omi ni ó ń yọ lára ènìyàn.

Ṣé kò wá sí ẹni tí ó ṣe é tí ó dúró ni? Ó wà. Láti ọdún 1994 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jò ju kílò 13 lọ tí wọn kò sì sanra padà fún ọdún kan ó kéré tán; àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà ju 10,000 lọ. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn sì ń ṣe eré ìdárayá fún bí wákàtí kan lóòjọ́; rírìn ni ó wọ́pọ̀ jù. Oúnjẹ ni ó mú wọn jò. Ìrìn ni kò jẹ́ kí wọ́n padà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ agbègbè wa lè rò pé 'kò sí ọ̀fẹ́' ni a ń wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà rí.

Fún ará Kétu tàbí Ìkòsì, kò sí ẹni tí ó ní kí ó pa ẹ̀bà tì. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá pọ̀ nínú àwo jù ú lọ. Kí epo mọ níwọ̀n. Kí ẹ̀wà rọ́pò ẹran nígbà púpọ̀. Kí omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí pé ìgò ńlá kan lè ní tó ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́wàá. Láti Kétu dé Mile 12 kò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ti pé ìṣẹ́jú 150 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè.

Ṣùgbọ́n ibo ni yóò gbà rìn? Níbi tí àwọn ọlọ́jà kò bá tẹ́ ọjà sí, ọ̀kadà ni yóò máa gba ibẹ̀. Níbi tí ọ̀kadà kò bá gbà, gọ́tà tí kò ní ìdérí ni. Iye owó oúnjẹ tún ńkọ́? Ní ọdún 2016 kòkòrò run oko tòmátì débi pé Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ọ̀ràn pàjáwìrì. Ní ọdún 2024 owó agbọ̀n tòmátì kan kọjá 100,000 náírà, ẹ̀wà sì fi ju ìlọ́po méjì lọ ní ọdún kan náà. Nígbà tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ fò sókè, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀jọ́ta wá sílé. Àwọn kan fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ìjọba ń kọ́ wa ní eré ìdárayá. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ìrìn ẹni tí kò rówó wọkọ̀, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, ìyà ni.

Ìjọba àpapọ̀ fi Òfin Ìnáwó ọdún 2021 bu owó orí 10 náírà lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu onísúgà. Ìyẹn ni náírà márùn-ún lórí ìgò ìdajì lítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí láti ọdún 2016 pé kí owó orí bẹ́ẹ̀ tó dín mímu kù bí ó ti yẹ, ó ní láti gbé iye owó ọjà náà sókè ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Náírà márùn-ún kò lè dá ọmọdé kan dúró. A kò lòdì sí owó orí náà. A lòdì sí kí a gbà á láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí a fi ṣe.

Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 2018 lórí àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, sì fi òpópónà, iná òpópónà, gọ́tà, ọgbà ìgbafẹ́ àti gbàgede sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, a dìbò, ẹgbẹ́ APC sì gba gbogbo ipò alága 57 ní Èkó. Kò sí alátakò tí wọ́n lè di ẹ̀bi rù.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ máa ń bi àwọn aṣíwájú yín léèrè ìrẹsì nígbà ìbò. Láti ìgbà ìbò Èkìtì ọdún 2014 tí ọ̀rọ̀ 'ohun amáyédẹrùn ikùn' ti gbòde kan, kò sí ìpàdé tí kò ní ìrẹsì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan béèrè ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ ilé ìwé tí pápá rẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù, tí àkókò eré ìdárayá sì ti di àkókò ìṣirò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ yín.

Ìgbìmọ̀ mẹ́ta ni ó pín agbègbè wa: Kòsọ́fẹ́, Agboyi-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹrí. A ń bi alága mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, nínú ìṣúná ọdún tí ń bọ̀, mélòó ni ti ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, mélòó ni ti ìdérí gọ́tà, pápá ilé ìwé wo sì ni wọn yóò gbà padà? Ojú ewé yìí ṣí sílẹ̀ fún èsì wọn.