Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ta Ni Yóò San Owó Ìwé Ogún?

Ìyá kan, ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé wa ní Èkó, kọ̀wé sí wa pé opó ni òun, òun sì ní ilé kan tí òun fi èrè ọjà òun kọ́. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn jẹ́ onínàákúnàá. Nítorí rẹ̀ ni ìyá náà ṣe tọ agbẹjọ́rò kan lọ, pé kí ó bá òun kọ ìwé tí yóò fi ilé náà lé àwọn alágbàtọ́jú lọ́wọ́, kí wọn máa gba owó ilé, kí wọn sì máa pín in fún àwọn ọmọ. Nígbà tí agbẹjọ́rò ka iye tí yóò ná an, ìyá wa gbé gèlè rẹ̀, ó padà sílé. Ó wá bi wá léèrè bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Àwa kò mọ agbẹjọ́rò náà, a kò sì lè ṣe onídàájọ́ lórí iye tí ó sọ. Ṣùgbọ́n kí ìyá wa mọ̀ pé kì í ṣe ìwé ni ó wọ́n, ilẹ̀ ni. Irú ìwé àgbàtọ́jú yìí gba ilé kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Lójú òfin, ilẹ̀ ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978, irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìsí àṣẹ Gómìnà, a sì ń sanwó kí a tó rí àṣẹ náà gbà. Owó òǹtẹ̀ tún wà, owó ìforúkọsílẹ̀ wà, àti owó iṣẹ́ agbẹjọ́rò, èyí tí ó sábà máa ń tẹ̀lé iye tí ilé náà tó. Bí ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò bá sì pé, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n gba rìsíìtì nìkan lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, a ó kọ́kọ́ tún èyíinì ṣe, níbẹ̀ ni owó sì máa ń pọ̀ sí jù.

Kí ìyá wa padà lọ, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ iye kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí í ṣe ti ìjọba àti èyí tí í ṣe ti agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà, tí ó dà bí ẹni pé a kò sọ fún un. Ó lè kọ ìwé ìhágún, kí ó sì yan àwọn alágbàtọ́jú sínú rẹ̀, pé lẹ́yìn ikú òun, ọwọ́ wọn ni ilé yóò wà nítorí àwọn ọmọ. Ilé yóò jẹ́ tirẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ó sì lè yí ìwé náà padà bí ọmọ onínàákúnàá bá ronú pìwà dà. Owó tí yóò san nísinsìnyí kò ní pọ̀ tó ti ìṣáájú. Àwa kò ní tan án jẹ, síbẹ̀: nígbà tí ó bá kú, àwọn tí ó yàn yóò lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga láti gba àṣẹ lórí ìwé náà, wọn yóò sì san owó tí a ṣírò lórí iye ogún. Ohun tí ìyá kò san, àwọn ọmọ ni yóò san án.

Èyí tí ó wọ́n jù lọ ni èyí tí ọ̀pọ̀ ilé Kristẹni yàn láìmọ̀, èyíinì ni kí a má kọ ohunkóhun. Nígbà náà ni opó yóò máa wá onídùúró kiri, tí ilé ìfowópamọ́ kò ní fi owó sílẹ̀, tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ yóò sì máa dúró de ilé ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ Cole àti Cole ti ọdún 1898 ní Èkó, ọkọ tí ó gbéyàwó ní ìlànà Kristẹni ní Sàró kú láìkọ ìwé ìhágún. Arákùnrin rẹ̀ dìde, ó ní gẹ́gẹ́ bí àṣà ìbílẹ̀, òun ni ogún tọ́ sí. Ilé ẹjọ́ kìíní gbà fún un, kí èyí tí ó ga jù ú lọ tó yí ìdájọ́ náà padà nítorí irú ìgbéyàwó tí ọkọ náà ṣe. Ẹ ro owó tí ẹbí kan ṣoṣo ná ní ilé ẹjọ́ méjì nítorí abala ìwé kan tí kò sí. Ábúráhámù baba wa kò dúró de irú èyí. Nígbà tí ó ṣì wà láàyè ni ó ti fún àwọn ọmọ yòókù ní ẹ̀bùn, tí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún Ísáákì.

Bí ìyá wa yóò bá kọ ìwé ìhágún, kí ó fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó má ṣe fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí aya tàbí ọkọ wọn, ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù ìpín rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá sì tún fún un ní ọkọ (kí ó má bínú sí wa), ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba yóò sọ ìwé tí ó ti kọ ṣáájú di asán, yóò sì ní láti kọ òmíràn. Ilé tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ nìkan ni kí ó kọ sínú rẹ̀. Ilé ẹbí tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún gbogbo wọn kì í ṣe tirẹ̀ láti fi fún ẹnikẹ́ni.

Ó tún béèrè bóyá kí ó fi ìwé náà pamọ́ sọ́wọ́ pásítọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n a máa ń gbé pásítọ̀ lọ sí ìjọ mìíràn. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú èdìdì fún owó díẹ̀, wọn yóò sì fún un ní rìsíìtì. Kí ó fi rìsíìtì náà sínú Bíbélì rẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn tí ó yàn pé ibẹ̀ ni ó wà.