Ẹni Tó Lẹrú Ló Lẹrù: Ẹ Jẹ́ Ká Tú Ẹ̀rọ Ìfọ-abọ́ Wa

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Ilé tí bàbá ti ń tú fáànù palẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé la dàgbà sí. A kàwé kọ̀ǹpútà, kóòdù là ń kọ jẹun ní London. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ wa kọ̀ tí kò fa omi jáde mọ́, ṣe la dúró níwájú rẹ̀ bí òpó iná. A pe iléeṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ san £95 kí ẹnikẹ́ni tó wá wò ó, àti pé tó bá jẹ́ pọ́ǹpù ni, ká kúkú ra tuntun.

Tuntun kẹ̀? Ẹ̀rọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin!

A yọ pulọ́ọ̀gì. A fi ife bu omi ìdí rẹ̀ dànù, a fi aṣọ ìnura fa ìyókù. A yí asẹ́ rẹ̀, ó jáde. A wọ ìbọ̀wọ́ nítorí àfọ́kù gíláàsì, a ṣí ìdérí pọ́ǹpù tó wà lábẹ́ asẹ́. Kí la bá níbẹ̀? Eérún egungun adìẹ, kò tó èékánná ọmọdé, ló há mọ́ abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń ti omi jáde. A yọ ọ́. Ogún ìṣẹ́jú, kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò wa.

Ìtọ́jú ẹ̀rọ yìí gan-an ò le. Ẹ máa fọ asẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ìtayín yọ ìdọ̀tí inú ihò apá tó ń fọ́n omi. Ẹ nu rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Ẹ má sì jẹ́ kí iyọ̀ rẹ̀ tán, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o, nítorí ẹfun pọ̀ nínú omi London, òun ló sì ń dì mọ́ ẹ̀rọ nínú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bí wa nínú nìyí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, òfin Bìrìtéènì ti fi dandan lé e pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ máa ta páàtì rẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in. Asẹ́, apá ìfọ́nmi, rọ́bà ilẹ̀kùn àti agbọ̀n abọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tà á fún wa, ó kéré tán fún ọdún 10 lẹ́yìn tí irú ẹ̀rọ náà bá kúrò lọ́jà. Pọ́ǹpù, mọ́tò, irin tó ń gbé omi gbóná àti sọ́fítíwíà ńkọ́? Ọdún 7 ni, àwọn tó ń fi àtúnṣe jẹun nìkan ni òfin sì dárúkọ.

Wọ́n á ní nítorí ààbò ni. A gbà pé iná ò mojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ̀ nípa wáyà, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iná ló ń gbé èèyàn. Ìgbà wo ni sọ́fítíwíà gbé ẹnikẹ́ni rí?

Ká má sì di gbogbo ẹ̀bi ru iléeṣẹ́. Ta ló kọ sọ́fítíwíà ọ̀hún? Ṣebí àwa náà ni! Àwa tí à ń pariwo open source lórí X, àwa kan náà la jókòó sí ọ́fíìsì tí à ń kọ kóòdù tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé síta. Ó yẹ kó tì wá lójú jàre.

Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ló ni pọ́ǹpù inú rẹ̀, òun náà ló sì yẹ kó ni kọ́kọ́rọ́ sọ́fítíwíà rẹ̀. Kí wọ́n kọ ìyẹn sínú òfin. Kí àwa tí à ń kọ kóòdù náà sì kọ̀ láti kọ àgádágodo.

Kó tó dìgbà yẹn, tí ẹ̀rọ yín bá dákẹ́ lálẹ́ yìí, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, kí ẹ tú asẹ́ wò. Ó lè má ju egungun adìẹ lọ.