Ta Ló Ní Kí Ẹ Dáná Sun Aṣọ Bàbá Yín?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ó sì máa bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa jà.

Ẹ̀kọ́ kan ti gbòde láàárín àwa ẹlẹ́mìí tí a kò lè dákẹ́ sí mọ́. Wọ́n ní tí èèyàn bá kú, kí ẹbí kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jọ, kí wọ́n da òróró sí i, kí wọ́n dáná sun ún. Wọ́n ní ikú wà lára aṣọ náà, pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á gbé wàhálà olóògbé wọ̀. Nítorí ẹ̀kọ́ yìí, ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣì dáa, súẹ́tà, ìró, bàtà aláwọ, gbogbo ẹ̀ ń di eérú ní ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí àwọn èèyàn ń fi páálí bora lábẹ́ bíríìjì Ọ̀ṣòdì àti Ọbáléndé, tí òjò sì ń pa àwọn tó ń sùn sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Òkìríkà tí à ń rà ní Yábà àti Kàtàńgówà, ta ló wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀? Àwọn ará Gánà tilẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ tó yẹ ẹ́: obroni wawu ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ̀lú, síbẹ̀ ó ń gba Kùtọ́nú wọlé ní bẹ́èlì-bẹ́èlì, a sì ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á. A ò mọ ẹni tó wọ kóòtù yẹn, a ò mọ ikú tó pa á, a ò mọ ohun tó ń bọ nígbà ayé ẹ̀. A fọ̀ ọ́, a lọ̀ ọ́, a wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a tún jẹ́rìí nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró tí màmá fi pọ̀n wá, tó fi kúnlẹ̀ gbàdúrà fún wa lóru, ìyẹn ló wá ní ẹ̀mí àìmọ́? Haba!

Wọ́n á ní, "Pásítọ̀, Ákánì ńkọ́? Ṣebí wọ́n sun aṣọ Bábílónì yẹn." Ẹ tún Jóṣúà orí keje kà. Ohun tí Ọlọ́run ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn ni Ákánì jí. Bàbá yín ò jí aṣọ tiẹ̀, owó oṣù ló fi rà á. Wọ́n á tún ní Léfítíkù. Ẹ ka orí kẹtàlá dáadáa: aṣọ tí àrùn wà lára ẹ̀ pàápàá, àlùfáà á tì í mọ́lé fún ọjọ́ méje, á tún un yẹ̀ wò. Tí àrùn náà ò bá ràn sí i, wọ́n á fọ aṣọ náà, wọ́n á tún dúró wò ó. Ẹ rí i pé àlùfáà ò sáré ṣáná. A ò sì rí ibì kankan tí wọ́n ti ní ká sun aṣọ torí pé ẹni tó ni ín ti kú.

Àwọn tó mọ̀wé díẹ̀ lára wọn á mú aṣọ ìnujú Pọ́ọ̀lù wá, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kọkàndínlógún. Wọ́n ní tí agbára bá lè gba ara aṣọ kọjá, ibi náà lè gba ibẹ̀. Ó dáa. Bàbá yín tó fi ogún ọdún ṣe díákónì, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ikú ẹ̀ nìkan ló lè ràn, tí àdúrà ẹ̀ ò lè ràn? Èlíṣà kú, wọ́n sin ín, òkú tó kan egungun rẹ̀ sì jí dìde. Ẹ lọ wò ó nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹtàlá.

A gbà pé ohun kan wà tó yẹ fún iná. Tí olóògbé bá wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn, tó sì fi aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ pè wá, àwa la máa mú ìṣáná wá. Ṣùgbọ́n sòkòtò tó ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ kì í ṣe aṣọ ẹgbẹ́.

Kí ẹ sì má fojú kéré aṣọ gbígbó. Jeremáyà ì bá kú sínú kòtò ẹlẹ́rẹ̀ yẹn. Nígbà tí Ebedi-Mélékì máa fà á jáde, abẹ́ ilé ìṣúra ọba ló ti lọ ṣa àkísà àti aṣọ tó ti gbó, ó ní kí wòlíì náà tẹ́ ẹ sí abíyá kí okùn má bàa bó o lára. Ohun tí ààfin ti pa tì ló wúlò fún ẹni tó wà nínú kòtò.

Opó kan nínú ìjọ wa kó báàgì Ghana-must-go mẹ́ta wá bá wa. Ibì kan tó ti lọ gbàdúrà ni wọ́n ti ní kó kó aṣọ ọkọ ẹ̀ wá káwọn bá a sun ún, kó sì mú owó òróró dání. Owó òróró! Ọkọ ẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀, ọmọ mẹ́rin wà lọ́rùn ẹ̀, owó iléèwé ò sí nílẹ̀. A bá a tú báàgì náà. Ó mú kóòtù tí ọkọ ẹ̀ fi ṣègbéyàwó àti fìlà kan pa mọ́ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó ta aṣọ òkè àti lééṣì, ó fi kún owó iléèwé. Ìyókù, ó fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó ká a dáadáa bí ẹni pé bàbá náà ṣì máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó sunkún o, a ò ní purọ́. Àwọn kan tiẹ̀ sọ fún wa pé níbi tí wọ́n ti ń gba irú aṣọ bẹ́ẹ̀, àkísà ló máa ń jó, lééṣì kì í jó. Ẹ ní ká má sọ̀rọ̀?

Níbo wá la máa kó o lọ? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ẹ má kàn dá mọ́tò dúró lábẹ́ bíríìjì kí ẹ máa ju aṣọ sílẹ̀. Ìjà ló máa dá sílẹ̀, ẹni tó lágbára jù ló máa kó gbogbo ẹ̀ lọ tà. Ẹ wá àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn déédéé, tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n lórúkọ, kí ẹ bá wọn lọ. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó ní àwọn òṣìṣẹ́ social welfare tó ń rí sí aláìsàn tí kò lẹ́nìkan. Ẹni tí mọ́tò gbá, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé aṣọ lára ẹ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ, kí ló máa wọ̀ jáde? Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà wà ńbẹ̀, Kírìkírì, Àgódi, níbi tó jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n fi mú ẹlòmíì náà ló máa fi jáde, tí kò sì sílé tó ń lọ. Salvation Army ti wà l'Ékòó láti 1920. Ilé arúgbó Regina Mundi wà ní Muṣin. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n nílò.

Ẹ̀yin tó wà ní London, ẹ mọ̀ pé títà ni charity shop ń ta aṣọ tí ẹ fún wọn, owó ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàánú. Kò burú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹni tó ń sùn níta ni ẹ fẹ́ kó wọ kóòtù bàbá yín nínú òtútù oṣù kìíní, ilé tí wọ́n ti ń gbà wọ́n sùn ni kí ẹ pè.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn àgbà ní ẹni tó máa dá'ni láṣọ, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ò ní bọ́tìnnì, sòkòtò tí ṣíìpù ẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Kí ni ẹni tó ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fẹ́ fi agbádá ṣe? Ẹ tà á, kí ẹ fi owó ẹ̀ ra pátá àti síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun, torí ti olóògbé kò ṣe é fún èèyàn. Tó bá jẹ́ àrùn tó ń ràn ló pa á, dókítà ni kí ẹ bi nípa aṣọ àti ibùsùn ẹ̀, ẹ má bi wòlíì. Ẹ tú gbogbo àpò wò. Ẹ má sì ya fídíò ẹnikẹ́ni tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ yín. Bàbá ẹnìkan lòun náà.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, a máa wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti gba aṣọ. Àwọn ìyá ìjọ máa mú áyọ́ọ̀nù wá. Bàtà ọkùnrin ló wọ́n wa jù, pàápàá nọ́ńbà 43 sí 45, àti ìró tí àwọn obìnrin lè fi pọnmọ. Ẹni tí kò bá lè tú báàgì náà fúnra ẹ̀, kó gbé e wá bẹ́ẹ̀, a máa jókòó tì í tú u.