Dark Vador ti fẹ̀yìntì, ohùn rẹ̀ ò fẹ̀yìntì: ta ló ni ohùn èèyàn?

Inú fíìmù ni ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ohùn ni: ohùn ẹni tó ti kú, tí ẹ̀rọ ṣì ń fi sọ̀rọ̀.

Ẹni tá à ń wí ni James Earl Jones, òṣèré aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ló ń fọhùn fún Darth Vader, ìkà aláṣọ dúdú inú fíìmù Star Wars, tí àwa tá a máa ń wò ó ní Faransé mọ̀ sí Dark Vador. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìwé ìròyìn Vanity Fair gbé e jáde pé bàbá náà, tó ti pé ẹni ọdún 91, ti sọ pé òun fẹ́ rọra fi iṣẹ́ Vader sílẹ̀. Àmọ́ kò fi í sílẹ̀ lásán. Ó fọwọ́ sí i pé kí Lucasfilm, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Star Wars, lo àwọn ohùn òun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ látijọ́. Wọ́n kó ohùn yẹn fún Respeecher, ilé iṣẹ́ kan ní Ukraine tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí àwọn Faransé ń pè ní IA, ṣe ẹ̀dà ohùn èèyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí ogun Rọ́ṣíà wọ ìlú wọn ní oṣù kejì ọdún 2022, síbẹ̀ wọ́n ṣe é parí. Ohùn yẹn la gbọ́ nínú eré Obi-Wan Kenobi lọ́dún náà.

Nígbà tí ìròyìn yìí jáde, ẹnu àwọn olólùfẹ́ Star Wars ò kò. Àwọn kan ń dúpẹ́, wọ́n ní bàbá ti ṣe tirẹ̀, kó lọ sinmi, inú àwọn sì dùn pé ohùn náà ò ní pa rẹ́. Àwọn míì ní rárá, ẹni tó bá fẹ̀yìntì ti fẹ̀yìntì nìyẹn, kí wọ́n wá ọ̀dọ́ tó lè gbé iṣẹ́ náà, torí ẹ̀rọ ò lè bínú, kò sì lè káàánú. Àwọn kẹta ń bẹ̀rù: bí wọ́n bá lè ṣe èyí sí ohùn James Earl Jones, kí ni wọn ò ní ṣe sí ohùn eléré kékeré tí ò lórúkọ?

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa dáadáa, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ṣe Vader. Ní 1977, èèyàn méjì ni wọ́n pa pọ̀ di ẹyọ kan. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ga, tó sì ti máa ń gbé irin wúwo, David Prowse, ló wọ aṣọ náà. Òun ló ń rìn, òun ló ń nàka. Àmọ́ ohùn rẹ̀ ò bá ìkà náà mu létí àwọn tó ń ṣe fíìmù, ni wọ́n bá lọ pe Jones. Mímí tó máa ń dún hàà-hùù yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀: Ben Burtt, tó ń bójú tó ìró inú fíìmù náà, ló gbà á sílẹ̀ láti inú ẹ̀rọ tí àwọn tó ń wẹdò lọ sísàlẹ̀ omi fi ń mí. Nígbà tí fíìmù yẹn sì dé èdè Faransé, Georges Aminel ló fọhùn fún Dark Vador.

Àwa Yorùbá ò ní pẹ́ lóye èyí. Bí egúngún bá jáde, aṣọ lojú ń rí, ohùn ni etí ń gbọ́, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ojú ta ló wà nínú agọ̀. Ohùn ló ń jẹ́ kí ọmọdé sá, tí ìyá àgbà sì ń kúnlẹ̀. Vader rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lójú àwọn tó ń wò ó. Ẹ yọ ohùn yẹn kúrò, ó ku aṣọ.

Jones fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ náà sí bàbàrà. Ó sọ lẹ́yìn náà pé 7,000 dọ́là ni wọ́n san fún òun lórí fíìmù àkọ́kọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú fíìmù méjì àkọ́kọ́, torí ó ní ìró lásán lòun dá kún un, bíi ti àwọn ìró míì tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Ìgbà tó di 1983 ni orúkọ rẹ̀ tó jáde. Ẹ wò ó: ọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní ìró ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ló wá gbé ohùn rẹ̀ lọ nígbẹ̀yìn.

Ohun tó tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọni lára ni pé akólòlò ni bàbá náà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìpínlẹ̀ Mississippi ni wọ́n ti bí i ní 1931, ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló sì dàgbà sí ní Michigan. Kíkólòlò yẹn dójú tì í débi pé fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ekukáká ló fi ń sọ̀rọ̀ níléèwé. Olùkọ́ rẹ̀ kan, Donald Crouch, rí i pé ó ń kọ ewì, ó sì ní kó dìde kó kà á síta lójú gbogbo kíláàsì. Ibẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Torí náà, ohùn tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn tó kàn bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó jìyà kó tó rí i.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ fi gbà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ó wà láàyè, ọpọlọ rẹ̀ pé, wọ́n bi í, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yáni lóhun tó jẹ́ tirẹ̀, a ò lè ní wọ́n jà á lólè.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Faransé, torí ọ̀rọ̀ yẹn sún mọ́ àwa tá à ń wo fíìmù Amẹ́ríkà lédè Faransé. Ẹni tó bá ti wo Rocky tàbí Rambo lédè náà ti gbọ́ ohùn Alain Dorval. Òun ló ń fọhùn fún Sylvester Stallone fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé lójú ọ̀pọ̀ wa, bí Stallone ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2024. Kò tíì pé ọdún kan tí ilé iṣẹ́ ElevenLabs fi gbé ohùn kan jáde, ohùn Dorval tí IA ṣe, fún fíìmù Stallone tuntun kan tó ń jẹ́ Armor. Ariwo sọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Aurore Bergé, tó jẹ́ mínísítà ní ìjọba Faransé, sọ pé ìdánwò nìkan làwọn gbà kí wọ́n ṣe, àti pé kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé òun àti ìyá òun fọwọ́ sí i. Bẹ́ ẹ ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ ni wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni kékeré ni, àwọn kan ló fẹ́ sọ ọ́ di ńlá.

Jones náà kú ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 93. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Fortnite, eré orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, gbé Darth Vader wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ti kọ sílẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tó ń ta eré náà á bá a sọ̀rọ̀, IA á sì ronú ìdáhùn, á fi ohùn Jones sọ ọ́. Ẹbí rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní bàbá fẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbọ́ Vader lọ. Àmọ́ kò pẹ́ rárá tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi tàn án títí ó fi bú èébú ìdọ̀tí. Ilé iṣẹ́ tó ni eré náà sáré tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti gbọ́ ọ, wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ẹyin lohùn, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wá gbòòrò sí ni pé SAG-AFTRA, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà, fẹjọ́ sùn. Wọn ò ní ẹbí Jones ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ohùn bàbá wọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn eléré kan wà láàyè tó ti máa ń fọhùn fún Vader nínú eré orí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn láìbá ẹgbẹ́ jókòó sọ ọ́. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 118 ní 2023, ọ̀rọ̀ IA sì wà lára ohun tó fà á. Ní Faransé, àwọn tó ń fọhùn fún fíìmù náà ti ké gbàjarè pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan VF àwọn.

Lójú tiwa, ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń kọ́ni kò lọ́jú pọ̀. Ká bi èèyàn kó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa, àmọ́ kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni sí kí ni? Jones gbà fún Vader, àmọ́ nígbà tó ṣì wà láyé, òǹkọ̀wé ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí Vader á sọ. Ti Fortnite yàtọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè ti ọ̀rọ̀ sí ohùn náà lẹ́nu. Torí náà, ìwé àdéhùn tó bá máa dáàbò bo èèyàn gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí wọ́n á fi ohùn náà ṣe, ẹni tó máa kọ ọ̀rọ̀ tí ohùn náà á sọ, ìgbà tó máa parí, àti ẹni tó máa gbowó. Bí ọ̀kan bá sọnù níbẹ̀, ìjà ló kù.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn. Ohùn àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò wa, ti àwọn tó ń kọ orin ẹ̀fẹ̀ ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ti àwọn ìyá tó ń ki oríkì, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí tẹlifóònù báyìí, ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ohùn ò sì nílò kó gbọ́ èèyàn pẹ́. Láti 2023 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ pé àwọn oníjìbìtì ń fi ohùn ayédèrú ọmọ tàbí ọmọ ọmọ pe àwọn àgbà pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Bí ohùn ọmọ yín bá ń béèrè owó lójijì, ẹ pa á, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ gba ohùn bàbá tàbí ìyá yín sílẹ̀, ẹ má lé e, torí ó dáa kí ohùn àgbà wà nílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin tá a kà sókè yẹn, kó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ mú un lọ́wọ́.