Akọni Ti Dé Ilé, Ó Ku Èdè Ẹnu Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kọ́míìkì la gbé dé lónìí. Ẹ má sọ pé ti ọmọdé ni. Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Superman tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tí Jerry Siegel àti Joe Shuster gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1938 yàtọ̀ pátápátá sí ti òde òní. Kò tíì lè fò bí ẹyẹ nígbà náà. Ńṣe ló ń tọ sókè, tó sì ń padà balẹ̀. Nínú Action Comics àkọ́kọ́, ó gba obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ pa láìjẹ̀bi sílẹ̀, ó kọ́ ọkùnrin kan tó ń na ìyàwó rẹ̀ lọ́gbọ́n, ó sì dẹ́rù ba ẹnì kan tó ń bá sẹ́nétọ̀ ṣe àdéhùn òkùnkùn. Ìṣòro tí ará àdúgbò mọ̀ nìyẹn. Lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àfi kí gbogbo ayé fẹ́ parun kí akọni tó dìde, èèyàn a sì máa ra ìwé lé ìwé kí ìtàn kan tó parí. Níbi ká sọ ìtàn kó yéni kó sì tán, a fi ipò kìíní fún ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n tí a bá dé ilé, ọ̀rọ̀ yí padà. Lọ́dún 1975, kọ́míìkì kan tó ń jẹ́ Powerman jáde fún títà ní Nàìjíríà. Akọni aláwọ̀ dúdú ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Don Avenell àti Norman Worker ló kọ ọ́. Dave Gibbons àti Brian Bolland ló ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ayàwòrán méjèèjì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà: Gibbons ló ya Watchmen, Bolland ló ya The Killing Joke. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, ṣùgbọ́n àlejò ló ń sọ ìtàn akọni wa fún wa.

Ẹ wá wo òde òní. Comic Republic wà l'Ékòó. Roye Okupe dá YouNeek Studios sílẹ̀; Iyanu tó kọ, tí Godwin Akpan yà, jáde láti ilé iṣẹ́ Dark Horse lọ́dún 2021, ó sì di eré àwòrán lórí Cartoon Network lọ́dún 2025. Orúkọ Yorùbá ni, ìtàn tó fi àṣà wa ṣe ìpìlẹ̀ ni. Níbí, tòní ju tàná lọ fíìfíì.

Àmọ́ ẹ ṣí ìwé náà, kí ẹ wo àyè róbótó tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn Powerman, ayàwòrán ti di tiwa, akọni ti di tiwa, èdè ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì dé ilé.

A mọ ohun tí àwọn kan máa wí: ọjà Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ̀. Òótọ́ ni, owó ni wọ́n fi ń tẹ̀wé. Ṣùgbọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìwé Atọ́ka ti ń fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà alárìnjò sọ ìtàn, Yorùbá sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Àwọn èèyàn rà á, wọ́n sì kà á. Èdè wa gan-an sì bá iṣẹ́ yìí mu. Akọni tó balẹ̀ gbì, ó wúwo. Èyí tó balẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ idán. Ọ̀rọ̀ kan péré ti ṣe iṣẹ́ àwòrán mẹ́ta.

A ò ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Kí ẹ̀dà Yorùbá wà pẹ̀lú ni, kí àwọn tó gbọ́ èdè sì kọ ọ́. Ta ló yẹ kó kọ ọ́ bí kò ṣe àwa? Ọdún mẹ́rin la fi ń kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ò tíì kọ ojú ìwé kọ́míìkì kan rí. Àwa náà jẹ̀bi. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹ pè wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwòrán yà láàárín wa, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ojú ìwé mẹ́jọ péré, ká wo bó ṣe máa rí tí akọni bá fi Yorùbá halẹ̀ mọ́ ọ̀tá.