Ère Kì í Ṣe Òrìṣà

Ẹgba ni ọ̀rọ̀ náà, abọ̀rìṣà, ti dà lẹ́nu wa. Ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀, a ti dá a lẹ́bi kí ó tó la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí a tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ní èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, eidololatria ni ọ̀rọ̀ náà. Eidolon ni àwòrán tàbí òjìji lásán. Latreia ni ìsìn. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ parí ní àwọn ọdún 1880, ìbọ̀rìṣà ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wọn. Nínú Òfin Mẹ́wàá, ère ni wọ́n pe ohun tí Ọlọ́run kọ̀ fún ènìyàn láti yá. Ère gan-an ni eidolon, òrìṣà kọ́.

Ẹni tí ó bá ń jiyàn, kí ó lọ sí Ẹkọ-Ẹndẹ, níbi tí ìjọba ti sé odò Ọ̀tìn láti fi ṣe omi ẹ̀rọ. Ọ̀tìn yìí kan náà ni òrìṣà tí wọ́n ń bọ ní Ìnísà àti Òkukù. Ta ni ó gbẹ́ odò? Ọ̀bẹ wo ni ó fi gbẹ́ ẹ?

A mọ̀ pé wọn yóò mú osé Ṣàngó jáde bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ikán bá jẹ osé, ta ni í sọ pé Ṣàngó kú? Òmíràn ni wọn yóò gbẹ́. Àmì ni igi.

Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè pé ìbọ̀rìṣà ni ojúkòkòrò. Ojúkòkòrò kò ní ojúbọ, kò sì ní àwòrò. Ọkàn tí ó fi ohun asán sí ipò Ọlọ́run ni ó ń bá wí. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ara wa, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń fi ìka na àwọn olómi Ọ̀tìn ni ẹ̀sùn náà yóò kàn.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bọ Ọ̀tìn kò jẹ Ọ̀tìn ní gbèsè. Ohun tí a ń bèèrè kò ju pé kí a pe ìbọ ère ní ìbọ ère, kí a sì dá òrúkọ òrìṣà padà fún ohun tí àwọn baba wa fi í pè. Ọmọ tí a bá kọ́ pé èébú ni orúkọ ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ sìn, ìyá ìyá rẹ̀ gan-an ni a kọ́ ọ láti bú.