Ẹgbẹ́ Wa Kì Í Ṣe Alágbe



Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá fẹ́ kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́, ẹkún ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sun: òṣì ń ta wá, ìjọba gbàgbé wa. Àwa kò fara mọ́ èyí. Gbogbo ẹni tó kọ̀wé ló ń sunkún. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé.

Ẹ wo ètò GEF Small Grants Programme, tí àjọ UNDP ti ń bójú tó láti ọdún 1992 fún àwọn ẹgbẹ́ aráàlú tó fẹ́ tún àyíká wọn ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà ti jàǹfààní níbẹ̀. Ètò náà a máa fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yóò fi kún un, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Ká ní ẹgbẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ fẹ́ máa ṣa ike àti ọ̀rá tó ń dí gọ́tà, kí wọ́n sì máa tà á fún àwọn tó ń yọ́ ọ. Kí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, iye ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dáwó, àti ohun tí wọ́n ti fi owó ara wọn ṣe. Kí wọ́n dárúkọ gọ́tà tí wọn yóò kọ́kọ́ kó, ẹni tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ náà, àti ohun tí a ó fojú rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí wọ́n bá jẹ́ 60, kí wọ́n má kọ 600. Ọjọ́ tí olówó bá yọjú wá wò ó, irọ́ á tú.

Ìwé owó ni olórí gbogbo rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ọdún 1973 pàápàá sọ ọ́ di dandan pé kí yúníọ̀nù máa fi ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún. Akápò tí kò ní rìsíìtì, tí owó ẹgbẹ́ àti owó tirẹ̀ wà nínú àpò kan náà, òun ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin alága, akọ̀wé àti akápò, ẹ má dúró de ọjọ́ ìkéde kí ẹ tó máa wá ìwé kiri. Kí ẹ sì tó fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè, ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé. Ohun tí wọ́n bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa á rẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ẹ jẹ́ kí olówó rí ọwọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó na tirẹ̀ sí wa.